Ọ̀gá Lé Ọmọ Iṣẹ́, Àṣé Wáyà Ni!

Títí dòní, bí wọ́n bá dárúkọ wáyà létí onífọ́tò kan ní Ṣómólú, orí ni í mì.

Ọkùnrin náà mọṣẹ́. Ìgbéyàwó ni o, òkú àgbà ni o, òun ni wọ́n ń pè. Nítorí pé fídíò òde òní ń gbàyè, ó ra àpótí ìkófáìlìsí kan tí wọ́n ń pè ní sáfà. Yàrá ẹ̀yìn ló gbé e sí, òun pẹ̀lú róútà. Kébù gígùn kan ló ti ibẹ̀ wá sídìí kọ̀ǹpútà ní pálọ̀. Bí ọ̀gá bá ti òde dé, gbogbo ohun tó yà ni yóò kó sínú sáfà, kí iṣẹ́ oníbàárà má baà ṣègbé bí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́.

Iṣẹ́ òde kan lè tó jígábáìtì 120. Nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ni í fi wọlé. Àfi bó ṣe dọjọ́ kan tó di wákàtí 3! Ẹ sì mọ iná tiwa. Kó tó dé ìdajì, iná á lọ, jẹnẹrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀, owó epo á máa jó. Obìnrin kan tó sìnkú ìyá rẹ̀ retí fídíò títí, ó ní kí wọ́n dá owó òun padà.

Ọ̀gá kọ́kọ́ sáré ra dátà sí i. Owó ṣòfò! Fáìlì tó ń ti kọ̀ǹpútà lọ sí sáfà nínú ilé kan náà kò kan íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Bí ẹni ń bu omi láti inú dúrọ́ọ̀mù sínú ìkòkò ni. Kò kan bóyá ẹ̀rọ ìjọba ń yọ.

Ló bá kọjú sọ́mọ iṣẹ́. "Ìwọ lò ń wo fíìmù lóru, ìwọ lo kó àrùn sí kọ̀ǹpútà mi!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fọwọ́ kàn án."

Ọ̀gá ò gbọ́, ó lé e lọ sílé. Ìyá ọmọ náà pa àtẹ ata rẹ̀ tì, ó wá kúnlẹ̀. Ó ní ọdún kan péré ló kù kí ọmọ òun gba fúrídọ̀mù. Ọ̀gá kọ̀ jálẹ̀.

Ọmọ lọ, wákàtí 3 kò lọ.

Lọ́jọ́ kan ni àbúrò ìyàwó ọ̀gá, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe n'Íkẹjà, yà kí wọn. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan." Ó gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó fi kébù kúkúrú so ó mọ́ róútà. Mẹ́gábáìtì 110 ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sáfà kò ní ẹ̀bi. Ó gbé kọ̀ǹpútà kan náà wá sí pálọ̀, ó kì í bọ kébù gígùn. Ó já sí 11! Kọ̀ǹpútà ọ̀gá náà kò ní ẹ̀bi. Ó ku kébù.

Wọ́n tọ kébù lọ, ó di abẹ́ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn tuntun ni, ó sì ti rún un mọ́lẹ̀. Wáyà tín-ín-rín 8 ló wà nínú kébù. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ pé kí iṣẹ́ tó yá. Bí kò bá pé, àwọn ẹ̀rọ á fà sẹ́yìn, wọ́n á máa fi 4 péré ṣiṣẹ́. Èyí tó ní àwọ̀ búráùn ló ti já. Ta ló sì gba kébù abẹ́ ilẹ̀kùn? Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni!

Wọ́n pààrọ̀ kébù, 20 ìṣẹ́jú padà dé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ níwájú àtẹ ata. Ìyá náà wò ó, ó ní, "Ọmọ mi ni kẹ́ ẹ bẹ̀, kì í ṣe èmi." Ọ̀gá yíjú sọ́mọ náà, ó bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ọjà. Ọmọ náà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó sìnkú gba fídíò rẹ̀, kò sì padà wá mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, kẹ́ ẹ tó lé ọmọ ọlọ́mọ, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ ilẹ̀kùn yín.