Ní Houston, Àgbàlá Lọkọ̀ Omi Ń Sùn! Jíìpù Wo Ló Lè Wọ́ Ọ Dé Odò Láì Kó Bá Ẹbí?

Ẹni tó bá dàgbà sí Ẹ̀pẹ́, tàbí sí Ayétòrò lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, mọ̀ pé inú omi lọkọ̀ omi ń gbé. Bí wọ́n bá ti dé láti ibi ẹja pípa, wọ́n á so ó mọ́ òpó létí omi, ó di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kó wá wo nǹkan. Àgbàlá lọkọ̀ omi ń sùn níbẹ̀! Wọ́n á gbé e jókòó sórí kẹ̀kẹ́ onírin, wọ́n á fi tapólì bò ó, á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bí àgbò ọdún. Àwọn àdúgbò kan tiẹ̀ wà tí ẹgbẹ́ onílé kì í gbà kéèyàn gbé e síwájú ilé rárá, owó oṣooṣù lonítọ̀hún á máa san níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú ẹ̀. Tó bá wá di Sátidé, tí oòrùn Texas ń ta ganrínganrín, jíìpù ló máa fà á lọ sódò.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo jíìpù tó tóbi lójú ló lè ṣe iṣẹ́ ọhún. Èyí tó lè ṣe é pàápàá, ó ní iye èèyàn tó lè kó sínú nígbà tí ọkọ̀ omi bá wà nídìí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ apá kejì ọ̀rọ̀ yìí títí tí wọ́n fi san owó mọ́tò tán.

Àwọn ọmọ Yorùbá kò kéré ní Houston. Ẹni tó bá dé apá Alief àti òpópónà Bissonnet, lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, á rí ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta àmàlà àti iyán, á gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tó ń kọjá. Ẹ jẹ́ ká mú baálé ilé kan níbẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó níyàwó, ó bímọ mẹ́ta, ìyá ẹ̀ sì ti Nàìjíríà wá bá wọn ṣe ọlọ́dún. Ọkọ̀ omi tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 22 ló wù ú, kó lè máa kó gbogbo wọn lọ sí Lake Conroe. Ta ló fẹ́ bá a wí? Ohun tó wu ọmọ olómi ni.

ODÒ TÍ ÈÈYÀN FỌWỌ́ ṢE

Lake Conroe yìí kì í ṣe odò tó wà níbẹ̀ látilẹ̀. Ẹ̀ka odò San Jacinto tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n sé, ìsédò náà sì parí lọ́dún 1973, kí omi lè wà nípamọ́ fún ìlú Houston. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí éékà 20,000. Lápá òkè ẹ̀, igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sam Houston National Forest ló wà níbẹ̀, igi páìnì ló kún un fọ́fọ́. Lápá ìsàlẹ̀, ilé àwọn olówó ló tò létí omi bí eyín ẹnu.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Alief á gba Beltway 8, á bọ́ sórí I-45, á kọrí sí àríwá. Á kọjá Spring, á kọjá The Woodlands, tó bá dé ìlú Conroe, á yà sápá òsì gba ọ̀nà 105. Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn lójú ọmọ Texas. Àmọ́ I-45 kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣeré o. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ń já kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn lórí eré, atẹ́gùn wọn nìkan tó láti ti kẹ̀kẹ́ tó gbé ọkọ̀ omi sápá kan. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jùdí sọ́tùn-ún sósì, á máa gbọn jíìpù tó wà níwájú ẹ̀ náà ni. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà tó tẹ bíréèkì gìrì, ó lè dojú gbogbo ẹ̀ dé.

"DADDY WỌN, HIGHLANDER TÁ A NÍ ŃKỌ́?"

Bí ọ̀rọ̀ bá dé orí jíìpù, ohun tí ìyàwó máa kọ́kọ́ bi ọkọ ẹ̀ nìyẹn. Ìbéèrè gidi sì ni. Highlander tó kún Èkó yìí náà ló kún Houston, ó ń gbé èèyàn méje, kì í sì í jẹ epo jù. Kí ló dé tí wọ́n tún fẹ́ ná owó sórí òmíràn?

Ìdáhùn ẹ̀ wà nínú ìṣirò. Ìwé tí wọ́n fi ń polówó ọkọ̀ omi lè sọ pé kílò 1,500 ni. Àmọ́ ọkọ̀ náà lófìfo nìyẹn. Ká ní ẹ́ńjìnnì tó wà nídìí ẹ̀ jẹ́ kílò 250, kẹ̀kẹ́ tó gbé e jẹ́ 500, epo lítà 190 inú ẹ̀ jẹ́ bíi 140, kí bátìrì, ìdákọ̀ró, okùn, jákẹ́ẹ̀tì ààbò àti pálapàla mìíràn jẹ́ 210. Gbogbo ẹ̀ di kílò 2,600. Ẹ fi àpò sìmẹ́ńtì wò ó kó lè yé yín: àpò kan jẹ́ kílò 50, ìyẹn ni pé àpò 52 ni baálé ilé yìí fẹ́ máa fà kiri.

Highlander tó lágbára jù, 5,000 pounds ni Toyota ní kó fà, ìyẹn bí àpò sìmẹ́ńtì 45. Àwọn kan tí wọ́n ń lo epo àti bátìrì pọ̀ kò tiẹ̀ gbọdọ̀ kọjá 3,500 pounds, tí kò pé àpò 32. Kì í ṣe pé kò ní fà á kúrò nílẹ̀ o. Ó lè fà á dé ojú títì, kó máa sá lọ. Ìgbà tó bá fẹ́ dúró lójijì ni àpò 52 máa rán an létí pé òun ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

ÀWỌN ÀGBÀ JÍÌPÙ

Nìkan bá yí padà, baálé ilé á wá kọjú sí àwọn àgbà. Chevrolet Suburban wà níbẹ̀, tí wọ́n ti ń fi orúkọ yẹn pe mọ́tò láti ọdún 1935. Ìlú Arlington ní Texas níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú àbúrò ẹ̀ tó ń jẹ́ Tahoe. Ford Expedition wà níbẹ̀. Toyota Sequoia náà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n gbé jáde fún ọdún 2023 sókè, San Antonio ní Texas ni wọ́n ti ń tò ó.

Bí wọ́n bá kó gbogbo irin iṣẹ́ ìfàkẹ̀kẹ́ sí i lára, Suburban lè fa 8,300 pounds, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì 75. Expedition àti Sequoia ń kọjá 9,000 pounds. Àpò 52 wá di eré ọmọdé, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Suburban tún gùn ju Tahoe lọ, àlàfo táyà iwájú àti tẹ̀yìn ẹ̀ gba ààyè, ìyẹn sì máa ń jẹ́ kí mọ́tò dúró gírígírí bí kẹ̀kẹ́ bá fẹ́ máa gbọ̀n ọ́n. Àmọ́ kó tó rí ibi páákì sí níwájú ilé oúnjẹ, á ti làágùn.

Baálé ilé á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Nọ́ńbà ńlá ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò mọ̀ pé nọ́ńbà kékeré kan ń dúró dè é lẹ́nu ilẹ̀kùn.

BÉBÀ KÉKERÉ TÓ Ń TÚ ÀṢÍRÍ

Bí èèyàn bá ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà mọ́tò ní Amẹ́ríkà, á rí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin ẹnu ọ̀nà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpapọ̀ èèyàn àti ẹrù inú mọ́tò náà kò gbọdọ̀ kọjá iye báyìí. Iye yìí kì í bára dọ́gba. Jíìpù méjì tí wọ́n jọ ń jẹ́ Suburban lè ní iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí gbogbo fàájì tí wọ́n bá fi kún un, gíláàsì òrùlé, àga oníná, ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé ni wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀.

Ẹ tún wá gbọ́ èyí. Kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ omi kì í kàn tẹ̀ lé mọ́tò lásán, ó tún ń fi ẹnu ẹ̀ tẹ ìdí mọ́tò mọ́lẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ẹ̀ ló ń gbé lé e. Kílò 2,600 di kílò 260 lórí ìdí jíìpù, ẹrù inú mọ́tò ni wọ́n sì ń ka ìyẹn mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣirò. Baálé ilé jẹ́ kílò 90, ìyàwó 75, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta 150, Màmá 70. Ìyẹn 385. Kúlà tí yìnyín àti ohun mímu kún, ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù, àga àtẹ́lẹ̀ àti àpò aṣọ, ká pè é ní 100. Ó di 485. Kó 260 ti ẹnu kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, ó di 745. Ká wá ní 720 ló wà lára ilẹ̀kùn.

Ó ti ré kọjá! Jíìpù tó lè fa àpò sìmẹ́ńtì 75 ti kún àkúnjù, bẹ́ẹ̀ àpò 52 péré ló ń fà. Bí ìdí mọ́tò bá tẹ̀ kọjá ààlà, iwájú ẹ̀ á fúyẹ́, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ kò ní gbọ́ràn bó ṣe yẹ, táyà ẹ̀yìn á máa gbóná, iná mọ́tò á máa wojú ọ̀run lóru.

Màmá tó jókòó sẹ́yìn á béèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé èmi lẹ fẹ́ já sílẹ̀ ni?"

Ìyàwó ilé á yára dáhùn pé, "Ẹ̀yin kọ́ o, Màmá. Kúlà ló máa sọ̀."

Ó sì gba ibẹ̀ yẹn dáadáa. Tí wọ́n bá kó kílò 100 yẹn sínú ọkọ̀ omi, tí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ dáadáa níwájú táyà kẹ̀kẹ́, bíi kílò mẹ́wàá péré ló máa padà wá sórí ìdí mọ́tò. Àpapọ̀ á já sí 655. Kílò 65 ṣẹ́ kù. Wọn kò gbọdọ̀ kó o sí ìdí ọkọ̀ o, torí bí ẹnu kẹ̀kẹ́ bá fúyẹ́ jù, ìjùdí tá a wí lórí I-45 náà ló máa bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ní iye tirẹ̀ tí wọ́n kọ sí i lára, ẹ yẹ ìyẹn náà wò. Òfin Texas sì ní kẹ̀kẹ́ tí ìwọ̀n ẹ̀ pẹ̀lú ẹrù bá kọjá 4,500 pounds gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀.

LÓJÚ GẸ̀RẸ́GẸ̀RẸ́

Etí omi ni gbogbo ayé ti ń rí ẹni tó múra sílẹ̀. Kọnkéré tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọnú odò ló wà níbẹ̀, ramp làwọn òyìnbó ń pè é. Èèyàn á fẹ̀yìn rìn wọ̀ ọ́ títí kẹ̀kẹ́ á fi wọnú omi, tí ọkọ̀ á léfòó kúrò lórí ẹ̀. Ewé omi ti jẹ́ kí ìsàlẹ̀ kọnkéré náà máa yọ̀ bí ilá. Mọ́tò tó jẹ́ táyà iwájú nìkan ló ń fà á lè máa yí táyà lásán bó bá fẹ́ gòkè padà, torí ẹ̀yìn ni gbogbo ìwúwo wà. Jíìpù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ wúlò níbí ju ojú títì lọ.

Ohun kan wà tí kò ní àwáwí. Gbogbo ọmọ àti Màmá gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lókè kí mọ́tò tó fẹ̀yìn wọ ibẹ̀. Bí bíréèkì bá já, tàbí tí táyà bá yọ̀, mọ́tò lè bá ọkọ̀ omi wọnú odò, kò sì yẹ kó bá ọmọ kankan nínú àga ẹ̀yìn pẹ̀lú bẹ́líìtì láyà. Dẹ́rẹ́bà pàápàá á yí gíláàsì ẹ̀ wálẹ̀. Lókè níbẹ̀ náà ni wọ́n á ti dí ihò ìdí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń da omi nù. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn, kíá lomi á máa wọlé bá a. Tí wọ́n bá wá wọ ọkọ̀, òfin Texas ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì ààbò tí ọkọ̀ tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 26 bá ń rìn.

Nígbà tí wọ́n bá ń lọ sílé, wọ́n á tún ṣí ihò yẹn kí gbogbo omi dà jáde. Òfin ni jákèjádò Texas láti ọdún 2014, kí ìṣáwùrú burúkú kan má baà tinú odò kan dé òmíràn. Bí ó bá sì jẹ́ Galveston Bay ni wọ́n lọ, tí omi rẹ̀ níyọ̀, omi tó mọ́ ni wọ́n á fi fọ kẹ̀kẹ́ àti bíréèkì ẹ̀ kí wọ́n tó sùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iyọ̀ á jẹ irin náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbèrò àtira jíìpù fún irú iṣẹ́ yìí, ìwé ìpolówó ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín. Ẹ gbà á, ẹ kí wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ ka bébà kékeré yẹn, kẹ́ ẹ sì fi ìwọ̀n ara ìyàwó, ọmọ àti Màmá yín ṣirò kẹ́ ẹ tó sanwó. Torí bó ti wù kí ọkọ̀ omi dùn tó, àwọn tó wà nínú mọ́tò la tìtorí ẹ̀ rà á.