Ènìyàn Ni Ọjà, Fóònù Kì Í Ṣe Ọjà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ènìyàn ni aṣọ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáwọ́ lé òwò, tí ẹ sì gbọ́ pé orí ẹ̀rọ ayélujára ni ọjà wà nísinsìnyí. Òótọ́ ni ẹ gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé bí ènìyàn bá ti ra fóònù tí ó dára, tí ó sì ra dátà sí i, àwọn oníbàárà yóò máa wọ́ tẹ̀lé e. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù kì í dá ènìyàn síni lọ́wọ́. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń mú kí ọ̀nà kúrú láàárín àwa àti àwọn ènìyàn tí a ti ní, àti àwọn tí wọ́n lè júwe wa fún.

Òwò ẹja gbígbẹ ni èmi ń ṣe. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń rà á, Ìkòròdú ni mo ti ń tà á. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Ìtòìkín mọ̀ pé ìrìn náà kì í ṣe kékeré. Kí fóònù tó dé, ojú ọ̀sà àti ẹnu ènìyàn ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe irú òwò yìí. Alágbàtà a mọ apẹja, apẹja a mọ ọlọ́kọ̀, ọlọ́kọ̀ a mọ ẹni tí ó ní ìsọ̀ ní èbúté. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́, ìròyìn a ti dé òdìkejì omi kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Ohun kan náà ni à ń ṣe lórí fóònù lónìí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ó yá ju ọkọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ọdún 2020, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó nítorí àrùn Kòrónà. Ààwẹ̀ Ramadan kò sì ju oṣù kan sí i lọ. Apẹ̀rẹ̀ ẹja mẹ́rin wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Àwìn ni mo gba méjì nínú wọn lọ́wọ́ ìyá kan ní Ẹ̀pẹ́, òun náà sì ní ẹnu tí ó ń bọ́. Mo mú ìwé, mo kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti rajà lọ́wọ́ mi rí, tí mo ní nọ́ńbà wọn. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. N kò fi àwòrán ẹja ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo fi orúkọ kí oníkálukú lórí WhatsApp, mo béèrè àlàáfíà wọn àti ti àwọn ọmọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn fúnra wọn ti ń bi mí pé, "Ìyá Ẹlẹ́ja, ṣé ẹja ṣì wà?" Àwọn tí wọ́n wà nítòsí fẹsẹ̀ rìn wá gbà á; àwọn yòókù pàdé mi ní ọjọ́ tí ìjọba yọ̀ǹda fún ọjà oúnjẹ. Kí ààwẹ̀ tó dé ìdajì, apẹ̀rẹ̀ ti ṣófo, mo sì ti san owó ìyá náà pé.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ó kọ́ bí irinṣẹ́ náà ti ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún 2018 ni WhatsApp Business ti wà, ọ̀fẹ́ sì ni a ń gbà á. Ẹ ó kọ orúkọ òwò yín síbẹ̀, àdúgbò yín àti àsìkò tí ẹ ń ṣí; ẹ ó sì to àwòrán ọjà pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Ojú ọ̀sán ni kí ẹ ti ya àwòrán náà, kí ó jẹ́ ti ọjà yín gan-an, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Èyí tí ẹ bá fi sí Status, wákàtí mẹ́rìnlélógún ni yóò lò, yóò sì lọ. Ààyè tún wà láti fi iṣẹ́ kan náà rán sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù tirẹ̀ nìkan ni yóò rí i gbà. Ẹ ronú sí èyí dáadáa. Iye nọ́ńbà tí ẹ kó jọ kọ́ ni ó ṣe pàtàkì, bí kò ṣe iye ènìyàn tí ó rí i pé ó yẹ kí òun fi tiyín pamọ́.

Gúrúùpù kan lè gba ènìyàn 1,024. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ gúrúùpù àdúgbò tàbí ti ẹgbẹ́, ẹ má ṣe bí ẹni tí ó gbé igbá ọjà wọ ibi ìsìnkú. Ẹ kí wọn, ẹ ka òfin wọn, ẹ dáhùn ohun tí ẹ bá mọ̀. Ẹnì kan béèrè nínú gúrúùpù wa bí kòkòrò kò ṣe ní í ba ẹja gbígbẹ jẹ́. Mo ṣàlàyé bí a ṣe ń tún un yan, tí a ó sì jẹ́ kí ó tutù dáadáa kí a tó dì í. N kò dárúkọ ọjà mi rárá, síbẹ̀ mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n ka ìdáhùn náà di oníbàárà mi.

Ẹ má sì ṣe ka ẹni tí ń ta irú ọjà yín sí ọ̀tá. Ní ọdún 2022, alásè kan ní Ìgbógbó ń wá apẹ̀rẹ̀ ẹja mẹ́wàá fún wòlímà, ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó fún mi. Agbára mi kò ká a. Mo ké sí ẹlẹ́ja kan ní Ìjẹdé àti òmíràn ní Ẹ̀pẹ́, a pa ọjà pọ̀. Apẹ̀rẹ̀ méje tí ó dára ni a rí. Ọ̀kan nínú wa dábàá pé kí a kó ẹja tí ó ti pẹ́ sísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta, kí a fi tuntun bo orí rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ kò mọ̀ pé òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké ni?" Mo ní àgbà ló sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbà náà ló sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. A ya àwòrán méje náà, a sọ fún alásè pé méje ni a ní. Kò fèsì títí di alẹ́. Àyà wa ń já, nítorí a ti fi owó wa ra ẹja ná. Nígbà tí ó yá, ó ní kí a kó o wá, òun yóò wá ìyókù níbòmíràn. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí àwọn alásè ẹgbẹ́ rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta tí a kò tà ni ó ra orúkọ fún wa.

A ní ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ fóònù kò ní ojú. Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra. Bí oníbàárà bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì hàn yín pé òun ti sanwó, inú àpò owó tiyín ni kí ẹ wò kí ẹ tó gbé ọjà jáde. Nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́fà tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ yín. Òun ni olè fi ń gba WhatsApp mọ́ni lọ́wọ́. Bí ẹ bá tajà láwìn, ẹ kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ ìsanwó ránṣẹ́, kí ẹni náà sì dáhùn pé òun gbà. Ẹsẹ tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 282 nínú Súrà kejì, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé.

Ẹ má sì kó gbogbo ẹrù yín lé orí ilẹ̀ onílẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ káàkiri ayé fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ní ọdún kan náà, láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, ìjọba Nàìjíríà ti Twitter, tí wọ́n ń pè ní X nísinsìnyí, pa. Ó di ọjọ́ 13 oṣù kìíní, ọdún 2022, kí wọ́n tó ṣí i. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín sínú ìwé. Bí ẹ bá ní ìsọ̀, ẹ má ti ìsọ̀ yín.

Ẹ̀yin ọmọ wa, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí ẹ tó ra dátà ọ̀la, ẹ ka iye ènìyàn tí ẹ lè pè ní orúkọ, tí inú wọn yóò dùn láti dá yín lóhùn. Àwọn ni owó ìbẹ̀rẹ̀ yín. Kí Allah bù sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó má sì jẹ́ kí a ta orúkọ wa mọ́ ọjà. Àmín.