Ìwé Tí Omi Gbé Lọ

Ọ̀rọ̀ omíyalé Ìbàdàn ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 kò tíì tán nínú mi. Ó lé ní 100 ènìyàn tó bómi lọ. Afárá já, ilé wó. Lọ́jọ́ kejì, mo bá ìyá àgbà kan lórí ìjókòó létí odò Kúdẹtì.

"Ọmọ mi, kọ orúkọ mi sílẹ̀."

"Màmá, oníròyìn ni mí, mi ò kí ń ṣe ìjọba."

"Ṣáà kọ ọ́."

Mo kọ ọ́ sínú jọ́tà mi. Àṣé ìyá gbọ́n jù mí lọ! Ìlú tó ń wá owó àtúnṣe kì í fi ẹkún gbà á. Wọ́n á ní: afárá mélòó ló já? Ilé ta ló wó? Ẹ̀rí dà? Ọdún 2014 ni Báńkì Àgbáyé tó fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún Ìbàdàn. (Gbèsè ni o, kì í ṣe ẹ̀bùn.) Báńkì sì ní kí wọ́n ka ẹni tí iṣẹ́ náà máa kàn, kí wọ́n sanwó fún wọn, kí katakata tó wọlé.

Mo sin ìyá lọ sí ọ́fíìsì kan. Akọ̀wé ní kó mú ìwé ilẹ̀ wá.

"Omi gbé e lọ."

"Ẹ lọ mú un wá, Màmá."

Ìwé tí omi gbé! Inú bí mi. Mo fa ojú ewé kan ya nínú jọ́tà 2011 yẹn: orúkọ ìyá, ọjọ́, àdúgbò. Akọ̀wé wò ó títí, ó ní òun ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbà á. Ó sáà fi í sínú fáìlì.