Àwo Kan Ṣoṣo

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ kòkòrò àìfojúrí nílé iṣẹ́ oògùn mu wẹ́kú.

Ọmọbìnrin kan lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, ó gboyè nínú ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí, ó sì ṣe agùnbánirọ̀ fún ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni ó ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn olómi fún àwọn ọmọdé. Ó lérò pé orúkọ kòkòrò tí òun ti há sórí ni wọn yóò máa bi òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní, ọwọ́ fífọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ, àti bí a ti ń wọ aṣọ iṣẹ́ láìjẹ́ kí ó kan ilẹ̀. Wọ́n tún kọ́ ọ ní ìwé kíkọ. Bí ó bá ṣi nǹkan kọ, kò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Kí ó fa ìlà kan là á láàárín, kí ó kọ èyí tó tọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó buwọ́ lù ú, kí ó sì kọ ọjọ́ sí i. Ọ̀gá rẹ̀, obìnrin àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, a máa wí pé, "Ọmọ mi, ohun tí o kò bá kọ sílẹ̀, o kò ṣe é nìyẹn."

Ní oṣù kẹta ni ìdánwò dé. Ó bu omi tí wọ́n fi ń po oògùn, ó ta á sínú àwo pẹlẹbẹ tí oúnjẹ kòkòrò wà, ó sì gbé e sínú àpótí olóoru fún ọjọ́ márùn-ún. Nínú irú àwo bẹ́ẹ̀, kòkòrò a máa bí sí i títí ojú yóò fi rí i bí ààmì roboto. Nínú mìlílítà omi kan, ààmì náà kò gbọdọ̀ ju 100 lọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó lé ní 160. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn tí wọ́n fi omi náà pò ti wà nínú páálí, ọkọ̀ akẹ́rù sì ti dúró lẹ́nu géètì.

Ọ̀gá àwọn tó ń po oògùn rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, ọwọ́ ọmọ tuntun yìí ló kó ìdọ̀tí bá a. Ẹ jẹ́ kó da àwo yẹn nù, kó bu omi mìíràn."

Ọmọbìnrin náà tẹrí ba. Wọn kò tíì fi iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Ìyá náà kò bínú. Ìtàn ló sọ. Ní ọdún 1972, ní Devonport, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi dírípù tó ní kòkòrò nínú wọ ara àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn, àwọn kan sì kú. Nígbà tí wọ́n tú ìdí ọ̀rọ̀ wò, wọ́n rí i pé ooru kò ká àwọn ìgò tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa kòkòrò. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru ti fi hàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ gbà pé òun ló bàjẹ́.

"Bí òótọ́ bá fẹ́ dá ọkọ̀ dúró," ni ìyá náà wí, "ẹni tó sọ ọ́ la máa ń sọ pé ó ṣìṣe." Ó kọjú sí ọmọbìnrin náà. "Àwo tí o kò bu omi sí ńkọ́?"

"Kò sí ohun tó hù nínú rẹ̀, Mà."

"Ọwọ́ rẹ mọ́ nìyẹn. Buwọ́ lu ìwé rẹ."

Wọ́n tọpasẹ̀ omi náà títí dé ẹnu ẹ̀rọ kan, wọ́n sì la rọ́bà tó wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Omi tó máa ń dúró síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ni kòkòrò fi ṣelé. Ọkọ̀ akẹ́rù padà lófo, oògùn náà kò sì jáde. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn kan nínú àwọn tó ń po oògùn kò dáhùn ìkíni ọmọbìnrin náà.

Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ì bá fún ní oògùn yẹn kò ní mọ̀ ọ́n láé. Bí iṣẹ́ náà ti rí nìyẹn: bí ó bá dára, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìwé ẹ̀rí lè mú ọ̀dọ́ wọlé síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgboyà láti kọ ohun tí ojú rí ni yóò fi dúró. Irọ́ tí a kò bá pa lóṣù kẹta kò ní di àṣà lọ́dún kẹwàá.