Ibi Tí Omi Yóò Gbà Jáde

Ní ọdún 2009 ni mo kọ́ adágún ẹja sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Agbowó. Ẹni tí ó bá mọ Agbowó mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi ṣeré. Òdìkejì ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn ni àdúgbò náà wà. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gun ara wọn lórí, ògiri ilé kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògiri ilé kejì. Síbẹ̀, mo rí àyè kan tí ó gùn ní ẹsẹ̀-bàtà 20, tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀-bàtà 10. Mo ké sí bíríkìlà, a to búlọ́ọ̀kù, a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, a sì da omi sí i dé ìwọ̀n ẹsẹ̀-bàtà 3. Bí ènìyàn bá ṣe ìṣirò rẹ̀, omi náà yóò tó nǹkan bíi lítà 17,000. Ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ẹja àrọ̀ ni mo kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀.

Èmi kò ní tan ẹ̀yin òǹkàwé mi jẹ pé ìfẹ́ ẹja nìkan ni ó sún mi dé ibẹ̀. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ wà níwájú mi, owó oṣù olùkọ́ yunifásítì kò sì jẹ́ ohun tí a ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ẹja náà wọ̀ mí lára. Àrọ̀ yàtọ̀. Yàtọ̀ sí ibi tí ẹja yòókù fi ń mí lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tún ní ẹ̀yà ara kan lókè ibẹ̀ tí ó fi ń gba afẹ́fẹ́ bíi tiwa. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń yọ ẹnu sókè omi lóòrèkóòrè, tí yóò gbé afẹ́fẹ́ mì, tí yóò sì tún padà sísàlẹ̀. Ní òru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti dákẹ́, mo máa ń gbọ́ ọ láti orí ibùsùn mi: pó, pó, pó.

Nínú kíláàsì, èmi ni mo ń ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé Yèyé-ọmọ-ẹja ni ó di Yemọja, àti pé A-tẹ́wọ́-gba-ẹja ni ó di Àtáọ́jà, oyè ọba Òṣogbo, nítorí ìtàn tí wọ́n ń sọ pé Lárọ̀óyè fún odò Ọ̀ṣun ní oúnjẹ, ẹja sì jáde wá sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. N óò sọ èyí tán, n óò padà sílé, n óò da oúnjẹ sí omi, àwọn àrọ̀ yóò sì rọ́ wá síbi tí mo dúró sí. Kí n má purọ́, orí mi a máa wú bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èmi náà jọba ni.

Ṣùgbọ́n ìjọba kì í tọ́ lọ títí. Ní ọdún 2022, ọmọ mi ìkẹyìn, ẹni tí ó máa ń wọ inú adágún lọ fọ̀ ọ́, lọ sí Kánádà. Orúnkún mi kò gbà kí n máa fo ògiri wọlé mọ́. Nígbà tí ó di ọdún 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróòlù kan kúrò ní nǹkan bíi náírà 190, ó lé ní náírà 500 láàrin ọjọ́ mélòó kan. Oúnjẹ ẹja náà sì ń bá dọ́là gòkè. Ìyàwó mi ni ó la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan: "Bàbá Títí, ẹja tí ẹ ń sìn yìí, ṣé bí a ti ń sin ẹran ọ̀sìn ni, àbí bí a ti ń sin òrìṣà?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹjọ́ ti dá. A óò wó adágún ńlá, a óò sì kọ́ kékeré: ẹsẹ̀-bàtà 5 ní gígùn, 4 ní fífẹ̀, omi tí kò ju nǹkan bíi lítà 1,400 lọ, fún àádọ́ta ẹja péré. Ó dùn mí ju bí ó ti yẹ lọ. Ó dàbí ìgbà tí wọ́n bá gba oyè lọ́wọ́ ènìyàn.

Ní àkókò yìí gan-an ni àbúrò mi tí ó ń gbé ní Manchester pè mí lórí ẹ̀rọ tẹlifóònù pé òun náà ń kó kúrò nínú ilé ńlá bọ́ sí kékeré, àti pé òun ní láti dín àpótí dígí òun kù láti lítà 450 sí lítà 120. Omi òkun ni ó wà nínú àpótí yìí, iyùn ni ó sì ń sìn nínú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mo rò pé ó ń ṣe àwàdà. Iyùn tí èmi mọ̀ ni èyí tí ó wà lọ́rùn ọba àti ìyàwó tuntun. Ta ni ó ń fún iyùn ní oúnjẹ? Òun ni ó là mí lóye pé ẹ̀dá abẹ̀mí ni iyùn, pé egungun tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun kọ́ ni àwa ń lu ihò sí, tí a ń sín. Pupa tí àwọn ọba ń lò kì í ṣe irú èyí tí ó wà nínú àpótí rẹ̀. Láti inú Òkun Mẹditaréníà ni ọ̀pọ̀ iyùn pupa ti wá, àwọn Potogí sì wà lára àwọn tí ó gbé e dé Ìbíní láti òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, bí àwọn Ẹ̀dó tilẹ̀ ń sọ pé ọwọ́ Olókun ni Ọba Ewuare ti gbà á. Irú èyí tí ń kọ́ òkìtì òkúta sínú òkun, omi mímọ́ gaara tí oòrùn ń wọ̀ ni ó fẹ́. Etí òkun tiwa, láti Badagry dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni. Àlejò ni iyùn láàrin wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwa ni a sọ ọ́ di ọlọ́lá.

Mo sọ fún àbúrò mi pé ó kéré tán, iṣẹ́ àwa méjèèjì yóò dínkù. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, omi kékeré kì í dárí jini." Nígbà tí ó ṣàlàyé rẹ̀, mo rí i pé òótọ́ ni. Bí omi díẹ̀ bá gbẹ kúrò nínú àpótí kékeré, iyọ̀ tí ó ṣẹ́kù yóò le jù fún iyùn. Tèmi kò ní iyọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ àjẹkù, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sì ń di amóníà. Àwọn kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n ń bá wa jẹ amóníà yìí, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ohun tí kò ní pa ẹja kíákíá. Nínú lítà 17,000, ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ kan tí ẹja kò jẹ kò lè ṣe nǹkan kan. Nínú lítà 1,400, ilẹ̀ lè mọ́ bá òkú ẹja lójú omi, nítorí afẹ́fẹ́ tí àrọ̀ ń mí kò lè gbà á lọ́wọ́ májèlé tí ó wà nínú omi tí ó ń gbé.

Nítorí náà, adágún kékeré kò ṣeé ṣe láìsí páìpù tí a rò jinlẹ̀, tí yóò máa gbé omi lọ síbi asẹ́, tí yóò sì máa dá a padà. Ọjọ́ mẹ́rin ni èmi àti pulọ́ńbà fi jókòó ti pépà. Níbi tí a fẹnu kò sí, páìpù ìnàró kan yóò wà nínú adágún, gíga rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí omi yóò mọ. A óò fi páìpù tí ó tóbi jù ú lọ bò ó, a óò sì lu ihò sí ìdí èyí tí ó bò ó, kí ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ni omi yóò máa kó jáde, kì í ṣe omi tí ó mọ́ lókè. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa fúnra rẹ̀ ṣàn lọ sínú dúrọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, níbi tí ìdọ̀tí yóò ti sílẹ̀, kí ó tó bọ́ sínú èkejì tí ó kún fún òkúta wẹ́wẹ́, ibùgbé àwọn kòkòrò wa. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni yóò wà, òun ni yóò sì máa gbé omi padà sókè.

Ibi ẹ̀rọ yìí ni àbúrò mi ti dá mi dúró. Ó ní, "Bí iná bá lọ ńkọ́?" Bí ẹnu páìpù tí ń dá omi padà bá rì sínú omi, tí ẹ̀rọ sì dúró lójijì, páìpù náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi padà sísàlẹ̀, bí àwọn tí ń fi rọ́bà fa bẹntiróòlù láti inú táńkì ọkọ̀. Ihò kékeré kan ni a óò lu sí i lára, níbi tí ojú omi mọ gẹ́lẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé já a. Bákan náà, dúrọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ kún dẹ́nu. Bí omi adágún mi bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 péré ga ju ẹnu páìpù ìnàró lọ, lítà 37 ni yóò ṣàn wá lẹ́yìn tí iná bá lọ. Ní Manchester, ọdún kan lè yí po kí iná má lọ. Ní Agbowó, ìgbà tí iná bá dé gan-an ni a ń kà. Àwòrán páìpù àwọn òyìnbó gbà pé iná wà, ó wá ń wá ààbò fún ọjọ́ kan tí kò ní sí. Èmi ní láti ya tèmi bí ẹni pé kò sí iná, kí ó wá jẹ́ pé ọjọ́ tí ó bá wà ni ọjọ́ oríire.

Mo bi àbúrò mi bí ó ti ṣe mọ gbogbo èyí. Ó ní ojú òun ni òun fi rí i. Ní ilé kan tí ó ti gbé tẹ́lẹ̀, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, iná lọ ní òru ọjọ́ kan, omi iyọ̀ sì dà sílẹ̀, ó gba àárín pákó lọ sí àjà ilé ẹni tí ó ń gbé nísàlẹ̀. Mo ní, "Kí ni o wá ṣe?" Ó ní òun sọ̀kalẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ ní òwúrọ̀ náà, òun sì kun àjà náà fún un. Ó sọ ọ́ bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n mo dákẹ́ lórí tẹlifóònù títí ó fi rò pé ìlà ti já.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kò sí iye ìgbà tí n kò tíì túmọ̀ òwe yìí nínú kíláàsì. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bi mí rí pé iwájú ta ni a da omi náà sí. Adágún mi àtijọ́ ní páìpù oní-íǹṣì 4 kan ní ìsàlẹ̀, tí ó gba abẹ́ ògiri jáde sí gọ́tà. Iwájú ilé Ìyá Alákàrà ni gọ́tà náà gbà kọjá. Nígbàkúùgbà tí mo bá yí omi adágún padà, tí gọ́tà sì dí, iwájú ibi tí màmá arúgbó yìí ń dáná sí ni omi rírùn náà máa ń dúró sí. Ó rán ènìyàn sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ìjọba ìbílẹ̀ ni kí wọ́n lọ bá, àwọn ni wọ́n ni gọ́tà.

Ohun tí ó tún burú jù wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò rọ̀ sí Ìbàdàn tí ẹ̀mí tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún fi bá omi lọ. Omi wọ ọgbà ẹja yunifásítì, ó sì wọ ọgbà ẹranko. Adágún tèmi náà kún àkúnya. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Alákàrà rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí mi pẹ̀lú bàsíà: ẹja mọ́kànlá ni wọ́n rí mú ní iwájú ilé wọn, wọ́n sì mọ ẹni tí ó ni ín. Mo fún ọmọ náà ní méjì kó padà. Mo rò nígbà náà pé mo lawọ́.

Nígbà tí ó kù kí á ra páìpù, mo lọ sí ilé rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ ohun tí mo bá wá. Ó wò mí títí, ó ní, "Dókítà, ẹ dìde, aṣọ yín ń dọ̀tí." Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ pé, "Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo fi ń fọ iwájú ilé mi kí n tó gbé agbada kaná. Èmi kò bínú omi. Àìdáhùn yín ni." N kò ní èsì kankan. Mo tẹ́ àwòrán wa sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní kí ó sọ ibi tí òun fẹ́ kí omi ìdọ̀tí gbà. Ó ní òun kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n òun ní ebè tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ lẹ́yìn ilé, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti ṣá. Ìgbẹ́ ẹja jẹ́ oúnjẹ fún ẹ̀fọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní òun mọ̀. Ibi tí omi mi ti ń dúró sí láti ọjọ́ yìí, koríko ibẹ̀ ni ó ń yára hù jù ní gbogbo àdúgbò.

Kò gbà lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí pulọ́ńbà to páìpù náà sílẹ̀ láì lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí òun fojú ara òun wò ó. Ọgbọ̀n ẹsẹ̀-bàtà ni láti ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù mi dé ibi ebè rẹ̀, pulọ́ńbà sì ti dá a sílẹ̀ ní íǹṣì 6. Ní àárọ̀ Sátidé, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá, ó jókòó, ó ní kí wọ́n da garawa omi kan sí orí páìpù. Omi náà ṣàn dáadáa títí dé ìdajì, ó wá rí ibi tí páìpù kò ti wọnú ara wọn dáadáa, ó jò síta, ó sì yà sí apá òsì, sí ọ̀nà ìdáná rẹ̀.

Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ọmọ-ìka tọ́ka sí i. "Ẹ gbé ibí yìí sókè díẹ̀ sí i," ni ó wí. Pulọ́ńbà wò mí. Mo ká ṣòkòtò mi, mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún tí ó ń dùn mí, mo sì gbé e sókè.