Bí A Ṣe Wá Ibi Sùn ní Bradford

Láti ìgbà tí a ti padà dé láti ìrìn àjò tí a rìn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni àwọn ará ti ń bi wá pé, "Pásítọ̀, nínú gbogbo ìlú tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí lẹ lọ ṣe ní Bradford?" Àwọn mìíràn fẹ́ lọ fúnra wọn, wọ́n sì fẹ́ mọ bí a ṣe rí ilé àlejò tí owó rẹ̀ kò ga jù. Ìbéèrè méjèèjì ni a ó dáhùn. A ó sì sọ àṣìṣe wa pẹ̀lú, nítorí pé àṣìṣe náà kì í ṣe kékeré, orí àgbàlagbà ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já lé.

Màmá kan nínú ìjọ wa ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n nígbà náà. Bàbá wọn wà lára àwọn tí ìsọjí Òkè Oòyè ní Iléṣà mú ní ọdún 1930, nígbà tí Ọlọ́run lo Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ẹ ó rántí pé ní ọdún 1931 ni òjíṣẹ́ Ọlọ́run mẹ́ta, D. P. Williams, àbúrò rẹ̀ W. J. Williams, àti Andrew Turnbull, ti Bìrìtéènì wá sí Èkó láti inú Ìjọ Àpọ́sítélì. Bradford ni ọ́fíìsì tí ń rí sí iṣẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ náà wà. Nítorí náà, láti kékeré ni Màmá ti ń gbọ́ ọ nílé pé, "Lẹ́tà ti dé láti Bradford." Wọ́n sọ fún wa pé, "Pásítọ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé inú Bíbélì ni Bradford wà ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Áńtíókù."

Nígbà tí ọmọ wọn obìnrin tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún wọn, Màmá ní àwọn ò ní wá wo ọmọ nìkan, àwọn fẹ́ dé Bradford kí àwọn tó kú. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́ nínú owó èlùbọ́ tí wọ́n ń tà. Nígbà tí a ṣẹ́ ẹ sí owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó jẹ́ 280 pọ́n-ùn. Ọwọ́ wa ni wọ́n kó o lé. Àwa márùn-ún ni a lọ: Màmá, ọmọ wọn, ìyàwó wa, arákùnrin kan nínú ìjọ, àti àwa tí a ń kọ ìwé yìí.

Ohun kejì tí ó fà wá lọ ni Smith Wigglesworth. A kò rò pé ìjọ Ẹlẹ́mìí kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọn kò tíì dárúkọ ọkùnrin yìí lórí àga ìwàásù. Menston, tí kò jìnnà sí Bradford, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1859, ilé òtòṣì sì ni. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irun àgùntàn. Plọ́ńbà ni ó padà dà. Ìyàwó rẹ̀, Polly, ni ó kọ́ ọ bí a ṣe ń ka ìwé, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ń darí ìjọ kékeré kan ní Bowland Street ní Bradford. Ní ọdún 1907 ó wọ ọkọ̀ lọ sí Sunderland, níbi tí ìyàwó àlùfáà Boddy ti gbé ọwọ́ lé e lórí tí ó sì gba ìrìbọmi Ẹ̀mí Mímọ́. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti tàn kárí ayé. Ní ọdún 1947 ó lọ síbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Wakefield, inú ilé ìjọsìn náà ni ó sì ti sùn nínú Olúwa lẹ́ni ọdún 87. Itẹ́ òkú Nab Wood ní Shipley, lẹ́bàá Bradford, ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ nípa ìlú náà, nítorí pé bí ìlú bá ṣe rí ni ibi sùn ibẹ̀ ṣe ń rí. Inú àfonífojì ni àárín Bradford wà, òkè sì yí i ká bí ìgbà tí ènìyàn bá wà ní ìsàlẹ̀ àwo. Irun àgùntàn ni ó sọ ọ́ di ìlú ńlá. Ìlú kékeré ni ní ọdún 1800, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di 1851, àwọn ará ibẹ̀ ti lé ní 100,000. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ ran irun àgùntàn di òwú, wọ́n ń hun ún di aṣọ, wọ́n sì ń kó o lọ sí gbogbo ayé. Àwọn ọmọdé wà lára àwọn tí ń ṣe é. Ní ọdún 1830 Richard Oastler kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kan ní Leeds, ó ní ohun tí ojú àwọn ọmọdé ń rí ní àwọn ilé iṣẹ́ Bradford kò yàtọ̀ sí oko ẹrú. Ère rẹ̀ wà ní ìlú náà dòní, òun àti ọmọdé méjì. Ilé iṣẹ́ Lister ní Manningham ṣì ní òpó èéfín tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 249, ṣùgbọ́n èéfín kò jáde níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti sọ púpọ̀ nínú ilé iṣẹ́ náà di ibùgbé.

Àwọn oníṣòwò irun àgùntàn wọ̀nyí kọ́ ilé ńláńlá olókùúta, alájà mẹ́ta, alájà mẹ́rin, fún ìdílé wọn. Nígbà tí òwò náà rọlẹ̀, púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyí di ilé àlejò. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè rí yàrá ní Bradford ní owó tí kò lè rí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìdí kan náà nìyí tí àtẹ̀gùn fi pọ̀ nínú wọn, ohun tí a kò rò.

Báyìí ni a ṣe ṣètò wa. A jókòó, a kọ owó sínú ìwé bí Olúwa wa ti kọ́ni nínú Lúùkù 14:28. Ní òtẹ́ẹ̀lì tí ó wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, 75 pọ́n-ùn ni yàrá kan lálẹ́ kan. Ní ilé àlejò tí a rí lórí fóònù, yàrá ẹni méjì jẹ́ 48, ti ẹnì kan jẹ́ 35, oúnjẹ àárọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Yàrá mẹ́ta fún alẹ́ méjì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 262 dípò 450. A yin Olúwa lógo. A rí àwòrán ibùsùn, ó mọ́ tónítóní. A sanwó lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá san án tẹ́lẹ̀ tí kò sì ní gbà á padà ni wọ́n ń dín owó kù fún. A sì sọ fún Màmá pé, "Màmá, ẹ má ṣèyọnu, a ti ṣètò gbogbo rẹ̀."

Ti ọkọ̀ ni a ṣe dáadáa. Ọkọ̀ ojú irin kan ń lọ tààrà láti King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù dé Bradford Interchange, ó tó wákàtí mẹ́ta. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ lè wọ èyí tí ń lọ sí Leeds kí ẹ pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú yóò san owó tí ó kéré púpọ̀ sí ti ẹni tí ó rà á lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó bá ti pé ọgọ́ta ọdún lè ra káàdì àgbàlagbà tí ń yọ ìdá mẹ́ta kan kúrò nínú owó ọkọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ibùdókọ̀ ojú irin méjì ni ó wà ní àárín ìlú náà, Interchange àti Forster Square, wọn kò sì so mọ́ ara wọn. Ẹ fẹsẹ̀ rìn láàárín wọn ni. Ẹ wo èyí tí ó sún mọ́ ibi tí ẹ ó sùn kí ẹ tó sanwó.

Aago méje alẹ́ ni a dé ilé àlejò náà, òjò ń rọ̀. Onílé jẹ́ Mùsùlùmí. Pakistan ni bàbá rẹ̀ ti wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irun àgùntàn, bí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Bradford. Ó fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Gbogbo yàrá wa, òkè pátápátá. Àtẹ̀gùn 41 ni ọmọ Màmá kà. Orúnkún Màmá ti ń dùn wọ́n láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wa. Ní àtẹ̀gùn kẹrìnlá wọ́n jókòó, wọ́n di irin mú, wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ jẹ́ kí n sùn síhìn-ín." Wọn kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn wá jù. Owó èlùbọ́ ọdún mẹ́rin, a sì ti fi rà àtẹ̀gùn fún wọn. A ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìrìn àjò náà, a kò sì lo ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí fóònù láti béèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́, àjà kelòó ni yàrá wà?"

Onílé gbọ́ ohùn wa, ó gòkè wá. Kò bá wa jà, kò sì ní kí a san nǹkan kún un. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù kúrò nínú yàrá kékeré kan ní ìsàlẹ̀, wọ́n gbé ibùsùn síbẹ̀, wọ́n fi Màmá hàn balùwẹ̀ tí àwọn fúnra wọn ń lò. Àwọn kan nínú wa lè má fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n bí ó ti ṣẹlẹ̀ ni a sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ pe onílé kí ẹ tó sanwó. Ẹ béèrè àtẹ̀gùn. Ẹ béèrè bóyá balùwẹ̀ wà nínú yàrá tàbí ẹ ó máa bá àwọn ẹlòmíràn lò ó, nítorí pé owó tí ó kéré jù sábà máa ń jẹ́ ti balùwẹ̀ àjọlò. Ẹ béèrè aago tí wọ́n ń gba àlejò. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹni tí ó bá dé láàárọ̀ yóò dúró di ọ̀sán. Bí aláìsàn tàbí àgbàlagbà bá wà láàárín yín, ó sàn kí ẹ san owó díẹ̀ lé e kí ẹ lè gbà á padà bí nǹkan bá yí. Ẹ sì yan ilé náà gẹ́gẹ́ bí agbára ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dùn jù nínú yín, ẹ má ṣe yàn án gẹ́gẹ́ bí agbára pásítọ̀ yín.

Ní ti oúnjẹ àárọ̀, ẹyin, ẹ̀wà inú agolo àti búrẹ́dì yíyan ni wọ́n fún wa. Ní ilé àlejò mìíràn, wọ́n lè fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí i, pẹ̀lú ohun dúdú róbótó kan tí wọ́n ń pè ní black pudding. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 15:29 yóò mọ ohun tí yóò ṣe. Ẹ má dáná nínú yàrá o. Aago iná yóò ké, gbogbo ilé yóò sì jáde síta. Ṣùgbọ́n kẹ́tù wà nínú yàrá, gàrí sì wà nínú báàgì Màmá. Ẹ̀bà tí a jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, onílé kò mọ̀ nípa rẹ̀ títí di òní.

Ní ọjọ́ kejì a wọ ọkọ̀ ojú irin láti Forster Square lọ sí Saltaire, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Titus Salt, ọlọ́rọ̀ kan tí ó ń fi irun ẹran alpaca hun aṣọ, ni ó kọ́ abúlé náà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ó pé ẹni 50 ọdún, ní ọdún 1853, ni ó ṣí ilé iṣẹ́ ńlá ibẹ̀. Ó kọ́ ilé fún wọn, ó kọ́ ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ilé àwọn arúgbó àti ilé ìjọsìn, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n ṣí ilé ọtí kankan níbẹ̀. Inú arákùnrin wa dùn sí èyí débi pé ó ya fọ́tò ibi tí kò sí ilé ọtí. Iṣẹ́ aṣọ dáwọ́ dúró níbẹ̀ ní ọdún 1986. Àwòrán David Hockney, ọmọ Bradford, àti ilé ìtàwé ló wà nínú rẹ̀ báyìí. A kì í sanwó láti wọlé. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè lo odidi ọjọ́ kan ní Saltaire láìná ju owó ọkọ̀ lọ.

Láti Saltaire, itẹ́ òkú Nab Wood kò jìnnà fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n a ti kọ́gbọ́n. Takisí ni a pè. Onílé wa ti yá wa ní àga kan tí ń ká, ó ní kí Màmá má bàa dúró lórí koríko tútù. A wá ibojì náà díẹ̀ kí a tó rí i. Kò sí ilé lórí rẹ̀, kò sí ohun ńlá kankan, ibojì bí ti àwọn ẹlòmíràn ni. A ṣí àga, Màmá jókòó. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin, wọ́n ní kí a dákẹ́ ná. Wọ́n dárúkọ bàbá wọn, wọ́n sọ fún un pé àwọn ti dé Bradford, wọ́n sì ń gbàdúrà fún ìjọ nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ.

Ó ti ń tó ogún ìṣẹ́jú, a ń wo takisí tó ń dúró dè wá, nítorí pé owó ń gorí owó. Ọmọ wọn rọra fọwọ́ kàn wọ́n léjìká. Màmá kò la ojú. Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún un kó dúró díẹ̀ sí i. Owó èlùbọ́ náà ò tíì tán."