Òtútù Tí A Kò Jẹ́wọ́

 Nígbà tí àwọn olóòtú ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ìrántí yìí, mo mọ ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ mi: agogo ìjí tí ń dún nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, omi tútù nínú ọyẹ́, àdúrà òwúrọ̀ nínú ṣápẹ́ẹ̀lì. N óò sọ̀rọ̀ kan ìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni n óò gbà dé ibẹ̀. Orí òkè kan ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí a ti mú ọmọ ọdún 11 lọ dẹ ìgbẹ́ nínú òtútù.

Ọmọkùnrin mi àkọ́bí ti pẹ́ ní ìlú náà. Bí ó ṣe di ọdẹ níbẹ̀ ṣì ń yà mí lẹ́nu, nítorí kò sí ọdẹ nínú ìdílé wa. Kàtíkísì ni bàbá mi, èmi náà sì ti ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà bọ́ sí orí pẹpẹ. Ó ní àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n kọ́ òun. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, nígbà tí mo lọ kí wọn, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, àgbàlagbà ọmọ bíbí ilẹ̀ náà, ń múra láti lọ dẹ elk, ó sì fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dání. Ó ní kí n bá àwọn lọ. Ìyá ọmọ náà wò mí lójú bí ẹni tí ń bẹ̀ mí pé kí n kọ̀. Èmi kò kọ̀.

Ẹni tí ó bá ti rí àgbọ̀nrín inú igbó wa lè rò pé òun ti mọ elk. Kò tíì mọ̀ ọ́n. Akọ rẹ̀ lè wọn ju 300 kìlógíráàmù lọ. Ìwo rẹ̀ a máa yọ ẹ̀ka bí igi, a sì máa wọ́ dànù ní ọdọọdún kí òmíràn tó hù. Kò sí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí elk pọ̀ sí tó Colorado. Ibi tí a lọ ni wọ́n ń pè ní Flat Tops, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà. Òkè ni, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí tábìlì, ó sì ga ju 3,000 mítà lọ ní ibi púpọ̀. Ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Ute ni kí ìjọba tó lé wọn kúrò ní ọdún 1881, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a máa rántí nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá pe irú ibẹ̀ ní igbó tí kò ní olówó. Láti ọdún 1975 ni òfin ti yà á sọ́tọ̀: mọ́tò kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ pàápàá kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ ni, tàbí ẹṣin. Ẹran tí o bá pa, ẹ̀yìn rẹ ni ìwọ yóò fi rù ú jáde, òfin kò sì jẹ́ kí o fi èyí tí ó ṣeé jẹ sílẹ̀ kí ó bàjẹ́.

Òfin wọn pọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kò gbọdọ̀ yìnbọn sí ẹran ńlá, ṣùgbọ́n ó lè tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ kí ó máa wòran. Àwọn tí ń fi ìbọn dẹ ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù àti fìlà tí àwọ̀ rẹ̀ ń tàn yòò bí ọsàn pípọ́n tàbí tí ó jẹ́ pínkì yòò, kí ọdẹ má baà yìnbọn pa ọdẹ. Wọ́n wọ irú rẹ̀ fún èmi àti ọmọ náà pẹ̀lú. Wọn kì í sì dẹ ẹ́ lóru: láti ààbọ̀ wákàtí ṣáájú yíyọ oòrùn títí di ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí ó bá wọ̀, ó parí. Mo sọ fún àgbàlagbà náà pé òru gan-an ni àwọn ọdẹ ilé wa ń fi fìtílà wá ẹran. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀wọ̀n ni èyíinì níbí.

A rìn fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta kí a tó pàgọ́. Àgbàlagbà náà ní kí ọmọ bọ́ ẹ̀wù ńlá rẹ̀ kí a tó máa gun òkè, nítorí òógùn tí ènìyàn bá là nígbà tí ó ń gòkè ni yóò di omi tútù sí i lára nígbà tí ó bá jókòó. Nítorí ìdí kan náà, aṣọ òwú kò gbọdọ̀ kan ara wa. Òwú a máa mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ, ṣùgbọ́n aṣọ irun àgùntàn ń múni móoru bí ó tilẹ̀ rin. Ọmọkùnrin mi ti ronú lórí gbogbo èyí. Ohun kan ṣoṣo tí kò ronú kàn ni ẹnu bàbá rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí a ti jókòó ti sítóòfù kékeré tí a ń fi igi dá, ọmọ-ọmọ mi bi mí pé, "Bàbá Àgbà, ṣé òtútù máa ń mú níbi tí ẹ ti lọ sí ilé-ìwé?" Ìbá dára bí mo bá rẹ́rìn-ín. Mo wàásù. Mo sọ ti ọyẹ́ fún un, ti garawa omi tí a pọn sílẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ kejì, ti àwọn àgbà ọmọ tí wọ́n dúró tì wá, tí wọ́n sì ń da garawa mìíràn lé ẹni tí ó bá ké lórí. Mo ní, "Kò sí ọ̀kankan nínú wa tí ó sọ rí pé òtútù ń mú òun." Ojú ọmọ náà ń dán. Mo rò pé ẹ̀kọ́ rere ni mo kọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí a jọ wẹ omi náà mọ̀ pé ọyẹ́ ilẹ̀ wa, bí ó ti wù kí ó mú tó, kì í mú kí omi inú garawa dì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì lórí òkè yẹn, omi inú ìgò tí mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi ti di òkúta.

Aago mẹ́rin ni a jí. A rìn nínú òkùnkùn pẹ̀lú iná tí a so mọ́ iwájú orí, òjò dídì sì dé orúnkún ọmọ náà. Àgbàlagbà náà gba ọ̀nà òkè kejì lọ. Àwa mẹ́ta jókòó sẹ́yìn igi ńlá kan tí ó ti wó, létí pápá gbalasa, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wa lójú kí ẹran má baà gbóòórùn wa. A kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, a kò sì gbọdọ̀ mira. Ilẹ̀ mọ́. Wákàtí kan kọjá, èkejì ń lọ. Mo ń gbọ́ bí ọmọ náà ti ń fi bàtà kan lu èkejì jẹ́jẹ́, nígbà tí ó yá n kò gbọ́ ọ mọ́.

Nígbà náà ni wọ́n jáde láti inú igbó, abo méje, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, èéfín ń jáde ní imú wọn. Abo ni ìwé àṣẹ ọmọkùnrin mi wà fún. Wọ́n jìnnà sí wa tó nǹkan bíi 400 mítà, wọ́n sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ níhà ọ̀dọ̀ wa. Kò yíjú padà tí ó fi bi wá wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ṣé kò sí o?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan."

Ọmọ náà ní, "Kò sí nǹkan."

Yorùbá ni ó fi sọ ọ́, òun tí a máa ń bẹ̀ kí ó tó sọ gbólóhùn kan ní èdè wa. Inú mi dùn. Mo ka èyí sí èso ìwàásù àná.

Mo fún un ní súwíìtì kan. Kò lè bó ìwé ara rẹ̀. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú òjò dídì, ó sì ń wò ó bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo bi í léèrè ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá ara rẹ̀ le. Ọ̀rọ̀ tí ó fi dá mi lóhùn wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí ti ẹni tí oorun ń kùn.

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ nìyí, n kò sì tíì sọ ọ́ lórí pẹpẹ rí. Mo mọ̀. Mo rí i pé ọmọ náà kò sí ní ipò tí ó yẹ, mo sì dákẹ́. Àwọn elk ń bọ̀, wọn kò jìnnà mọ́. Mo ronú owó tí ọmọ mi ti ná àti òkè tí a gùn, mo sì wí lọ́kàn mi pé, jẹ́ kí ó yìnbọn ná. Bóyá ìṣẹ́jú méjì ni. Ìṣẹ́jú méjì náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Lẹ́yìn náà ni mo fọwọ́ kan èjìká ọmọkùnrin mi. Ó yíjú padà, ó wo ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó yọ ọta kúrò nínú ìbọn, ó sì dìde dúró gbangba. Àwọn elk fẹsẹ̀ fẹ́ẹ.

Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó bọ́ bàtà ọmọ náà. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun bí àbẹ́là. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ra á, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, rírà a máa dá egbò sí ara tí ó ti kú tipiri. Ó sọ pé a kò sì gbọdọ̀ gbé e súnmọ́ iná, nítorí ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan kò ní mọ̀ bí ó bá ń jóná. Ó ṣí ẹ̀wù ara rẹ̀, ó sì kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí ikùn ara rẹ̀ ní ìhòòhò. Mo fi ẹ̀wù mi bo ọmọ náà, mo ń fún un ní tíì oníṣúgà láti inú fíláásì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àwọ̀ ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà, a gbé e lọ sí àgọ́. Níbẹ̀ ni ìrora ti dé, ó sì ké. Ó ké kíkan. Mo ti gbọ́ akọrin púpọ̀ láyé mi, n kò tíì gbọ́ ohun tí ó dùn tó igbe yẹn.

Nígbà tí ó sùn, mo bọ́ bàtà tèmi. Ọmọ-ìka méjì ní ẹsẹ̀ òsì mi funfun pẹ̀lú. Ọmọkùnrin mi wò mí títí. Ó ní, "Ẹ̀yin náà, Bàbá?"

Mo ti wàásù lórí Ábúráhámù àti Ísáákì ní òkè Mòráyà ju iye tí mo lè kà lọ. Ìgbọràn ni mo máa ń dúró lé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà nínú àgọ́, ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ni pé Ísáákì béèrè ọ̀rọ̀. Ó rí iná, ó rí igi, kò rí àgùntàn, ó sì béèrè. Bàbá rẹ̀ dá a lóhùn, kò sọ fún un pé àwọn ọmọ ayé àtijọ́ kì í béèrè. Èmi ti di ọmọ tèmi lẹ́nu kí a tó gun òkè.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo tún ìtàn ilé-ìwé wa sọ fún un, mo sì sọ ọ́ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní ní sáà mi àkọ́kọ́, mo sá lọ sí ẹ̀yìn ilé ìjẹun lẹ́yìn ìwẹ̀, mo sì sunkún nítorí òtútù. Ó bi mí pé, "Kí ni wọ́n ṣe fún yín?" Mo ní ọ̀kan nínú àwọn ìyá alásè rí mi, ó fà mí wọ ilé ìdáná, ó fi mí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ iná, ó bu ẹ̀kọ gbígbóná fún mi, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni mo rí i pé, nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń fi ilé-ìwé wa yangàn fún àwọn ọmọ mi, n kò dárúkọ ìyá yẹn rí. Àwọn tí ń da omi ni mo máa ń sọ. Mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe kọ èyí síbí dípò èyí tí wọ́n ní kí n kọ.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde láìmú wa dání, wọ́n sì pa abo kan kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Èmi àti ọmọ náà ń ko igi sínú sítóòfù. Nígbà tí wọ́n ti gé ẹran náà tán, tí wọ́n sì ti pààrà ọ̀nà náà nígbà méjì láti rù ú dé ibi mọ́tò, a kó àgọ́ wa, a ń sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ náà ń rìn níwájú mi pẹ̀lú àpò kékeré tirẹ̀. Ní àárín ọ̀nà ó dúró ṣinṣin, ó sì kígbe sókè kí bàbá rẹ̀ tí ó wà níwájú lè gbọ́ pé, "Ẹsẹ̀ mi ti ń tutù o!"

Gbogbo wa dúró. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, àgbàlagbà náà ń wá fíláásì. Ọmọ náà jókòó lé àpò rẹ̀, ó ń tú okùn bàtà, ó sì gbójú sókè wò mí.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá Àgbà?"

Mo sọ fún un pé ti òsì ń dùn mí díẹ̀. Ó sún fún mi kí n lè jókòó.